Níbi Tí Wọ́ọ̀dù Wa Parí Sí

Àwọn kan ṣì wà l'Ẹ̀jìgbò tí wọ́n ń sọ pé etí odò ni wọ́ọ̀dù wa parí sí. Irọ́ ni. Òdìkejì odò yẹn ni mo ń gbé. Ibẹ̀ ni mo ti ń dáná, ibẹ̀ ni mo sì bí ọmọ mi sí. Ní báyìí tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba, tí kò sí káńsílọ̀ tí ènìyàn lè bi léèrè ọ̀rọ̀, afárá odò náà tí a bẹ̀bẹ̀ fún kò tíì sí, àwọn ará ìlú sì fẹ́ kí a gbàgbé pé a ti jà fún un rí. Èmi ò gbàgbé. N kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ìwé kẹrin ni mo sì wà tí mo fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè kọ ohun tí ojú mi rí.

Bí wọ́ọ̀dù náà ṣe rí nìyí. Ẹ̀yìn ọjà Ẹ̀jìgbò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba àárín àwọn agboolé kọjá, níbi tí ilé baba ọkọ mi wà, ó wá bọ́ sí ọ̀nà Isundunrin. Tí o bá ti kọjá àwọn oko kòkó, wàá yà kúrò ní títì, wàá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ dé odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, omi á mu àgbàlagbà dé ìbàdí, igi kan ṣoṣo tí àwọn baba ńlá ọkọ mi gé lulẹ̀ sórí rẹ̀ la sì fi ń sọdá. Lẹ́yìn odò ni abà wa wà: igi máńgòrò ńlá kan, ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ kan, ibi tí àwọn Mùsùlùmí inú wa ti ń kírun, àtíbàbà tí a ti ń yan gàárì, àti ilé tó yí gbogbo rẹ̀ ká.

Ohun kan wà tí àlejò kò lè tètè mọ̀ nípa wa. Kò sí ẹni tó ń sọ pé abà ni ilé òun. Ènìyàn lè ti wà lóko láti kékeré, kó bímọ níbẹ̀, kí irun orí rẹ̀ funfun níbẹ̀. Bí o bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, Ẹ̀jìgbò ni yóò wí, yóò sì dárúkọ agboolé rẹ̀. Ìlú la ti ń gbéyàwó, ìlú la ti ń ṣọdún, ìlú la ń gbé òkú lọ. Oko kàn jẹ́ ibi iṣẹ́ ni. Èébú ni kí wọ́n pe ènìyàn ní ará oko.

Ohun tó kó bá wa nìyẹn nígbà tí àwọn akọ̀wé kọ́kọ́ wá kọ orúkọ àwọn tí yóò dìbò káńsù, kété lẹ́yìn òmìnira. Ìyàwó tuntun ni mí, ọjọ́ orí mi ò tíì tó láti dìbò, mo sá sẹ́yìn ìyá ọkọ mi. Akọ̀wé béèrè pé, "Níbo ni ilé yín?" Baba ọkọ mi, tí í ṣe olórí abà, dáhùn pé Ẹ̀jìgbò. Gbogbo ọkùnrin tẹ̀lé e. Gbogbo obìnrin tẹ̀lé wọn. Akọ̀wé kọ ohun tí wọ́n wí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, lójú káńsù, ọ̀dọ̀ wa di igbó tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, inú ìlú ni wọ́n gbé àpótí sí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Àwọn ọkùnrin sọdá. Ìyá ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ kan lé igi, ó tún gbé e kúrò. Ó ní òun ò ní torí ìbò kú sómi. Bí àwọn obìnrin yòókù ṣe padà sílé nìyẹn.

Lẹ́yìn ìbò, baba ọkọ mi ní kí a lọ kí káńsílọ̀ tuntun, kí a sì bẹ̀bẹ̀ fún afárá. Èmi ni mo ru iṣu tí wọ́n fi kí i, nítorí náà mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu káńsílọ̀ fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Baba, afárá fún ta? Ṣé àparò ló fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá ni? Odò ni wọ́ọ̀dù yìí parí sí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ẹ ò gbé ibẹ̀."

Ó gba iṣu náà ṣá.

  Ní òjò ọdún tó tẹ̀lé e, ìyá ọkọ mi ṣubú lórí igi yẹn pẹ̀lú ẹrù gàárì. Omi gbé gàárì lọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ó ń tiro títí dòní.

Ọkọ mi ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣòwò l'Abíjàn nígbà tí a gbọ́ pé àwọn akọ̀wé tún ń bọ̀, pé ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ti sún mọ́lé. Àwa obìnrin ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú mi wà lára ọ̀bẹ:

"Ìyá, tí wọ́n bá bi wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìhín ni."

Ìyàwó àgbà kan bú sẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n wá máa fi mí kọrin lọ́jà? Èmi, ará oko?"

"Wọn ò ṣáà tíì dákẹ́ orin náà," ni ìyá ọkọ mi wí. 

Àṣé Baba gbọ́ wa láti ẹ̀yìn ògiri. Ó jáde. "Ẹ gbọ́ o. Kò sí ẹni tí yóò sọ níwájú mi pé abà ni ilé òun. Ilé tí baba mi kọ́ wà l'Ẹ̀jìgbò. Ọ̀rọ̀ ìbò yìí sì ti ń sun ilé onílé kiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n má mọ ibi tí a wà."

"Ẹ̀ẹ́n, Baba," ni gbogbo wa wí. Mo mọ̀ pé n kò wí i dénú.

Akọ̀wé tó wá lọ́tẹ̀ yìí kò dàgbà púpọ̀. A gbé tábìlì ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ máńgòrò fún un. Baba ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ó ní Ẹ̀jìgbò. Àbúrò ọkọ mi ní Ẹ̀jìgbò. Àwọn ọkùnrin tó kù ní Ẹ̀jìgbò. Ó wá kàn mí. Mo ti fi etí gèlè bo ẹnu bí ìṣe mi.

"Níbo ni ilé yín?"

"Ìhín ni."

Kò gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo fa gèlè kúrò lẹ́nu.

"Ìhín ni. Abà yìí ni."

 Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ fọhùn. "Háà! Ìyàwó wa ti di lọ́yà!"

"Ọkọ mi, ibi tí mo sùn lánàá náà ni mo sọ," mo dá a lóhùn.

Baba dìde. "Ìyàwó, ta ló ní kí o dá ilé sílẹ̀ fún wa? Ọmọ mi tó jẹ́ ọkọ rẹ wà l'Abíjàn. Bí wọ́n bá bi òun níbẹ̀, Ẹ̀jìgbò ni yóò wí!"

Akọ̀wé gbójú sókè. "Baba, ẹ má bínú. Ẹni tó wà l'Abíjàn, n kò lè kọ orúkọ rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ìjọba ní kí n béèrè, kì í ṣe ilé baba rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ fún Baba. Mo ní kó forí jì mí tí ohùn mi bá ga jù. Ṣùgbọ́n n kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ ni mo tún sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi tiro bọ́ síwájú. "Kọ tèmi náà. Ìhín ni. Ibí ni mo sin ọmọ ọwọ́ méjì tí a kò gbé lọ sílùú sí, ibí ni ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀. Bí kì í bá ṣe ilé mi, kí ni mo wá ń ṣe níbí?"

Lẹ́yìn tirẹ̀, àwọn obìnrin ń tò bọ̀, ìhín ni, ìhín ni. Kódà ìyàwó àgbà tó fi mí rẹ́rìn-ín wí i, ó kàn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Baba wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn.

Akọ̀wé ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kí Baba tó jáde. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi tó ń tiro ló ń wò.

"Akọ̀wé, tún tèmi ṣe. Ẹ̀jìgbò ni ilé mi, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ibi tí mò ń gbé, kọ ohun tí àwọn obìnrin yìí wí."

Àwọn ọkùnrin sáré padà sídìí tábìlì.

Nígbà tí ìjọba wá rí i pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní abà wa ni àpótí yóò wà. Kí ìbò tó dé, káńsílọ̀ tó gba iṣu wa fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wá kí a dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Odò kún. Ó bọ́ bàtà, ó ká agbádá sọ́rùn, ó ń fi ẹsẹ̀ wá igi kiri bí afọ́jú. Kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí i. Ìyá ọkọ mi, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ àparò ọjọ́sí fún, dúró létí omi.

"Ẹ rọra o, káńsílọ̀! Àparò nìkan ló mọ ibẹ̀ rìn!"

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Masífà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbò, àpótí wà lábẹ́ máńgòrò lóòótọ́, wọ́n ta aṣọ yí i ká. Àwọn obìnrin tí omi dá padà lọ́jọ́sí kò fi ẹsẹ̀ kan omi. Olùdarí ìbò ní kí ẹni àkọ́kọ́ bọ́ síwájú. Gbogbo wa yíjú sí Baba, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe ṣáájú rẹ̀ lábà yìí. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò mira.

"Èmi? Ará ìlú ni mí," ni Baba wí. "Ẹ jẹ́ kí onílé kọ́kọ́ wọlé."

Baba sì nawọ́ sí mi. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọwọ́ mi lọ sí etí gèlè. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo sì bọ́ síwájú gbogbo wọn.