Ọkọ̀ Ọparun Bàbá Bándélé

Ẹ má dá mi lóhùn tí mo bá ń pariwo, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Nọ́síràtù ni orúkọ mi. Aránṣọ ni mí. Yàrá iwájú nílé Adédìran, lọ́nà Téṣàn ní Òṣogbo, ni mo ti ń tẹ máṣíìnì láti ìgbà tí Mùíbì ọmọ mi ti wà lẹ́yìn mi. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ìtàn baálé ilé náà, kó sún sẹ́yìn, kó jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Abúlé wọn wà létí odò Ọ̀ṣun, lọ́nà Ẹ̀sà-Òkè lọ́hùn-ún, níbi tí odò náà ti ń gba àárín àpáta kọjá. Iṣẹ́ rélùwéè ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Òun ló ń yí irin ní téṣàn kí ọkọ̀ ojú irin lè mọ ibi tí yóò yà sí. Ó ṣe é ní Míńnà, ó ṣe é ní Sàríà, ó ṣe é ní Gúsáù níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. Phebe ìyàwó rẹ̀ ló dúró sí Òṣogbo. Òun ló dúró ti àwọn bíríkìlà títí ilé fi parí, òun ló sì tọ́ ọmọ méjèèjì, Bándélé àti Julianah. Lọ́dọọdún, ọkọ á gba ìsinmi, á gbé àlùbọ́sà àti kílíṣí dé. Bándélé á dọ̀bálẹ̀, Julianah á kúnlẹ̀, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Sà! Bí ẹni ń kí tíṣà. Lẹ́yìn náà wọ́n á sá wá sọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ara wọn tó mọlé sí i, ìsinmi á ti tán.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1973. Phebe ti kú nígbà yẹn, ó ti lé lọ́dún kan. Bándélé ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn, Julianah ti lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin. Bàbá wọ inú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀ àfi èmi ayálégbé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Láàárọ̀, á gbé àga síta, á máa retí fèrè ọkọ̀ ojú irin. Tó bá gbọ́ ọ, á yọ aago wò, á ní, "Ó pẹ́." Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Tó bá jẹun tán, á fọ abọ́ kan ṣoṣo tó fi jẹun, á dojú rẹ̀ dé, á tún padà sídìí àga.

Kérésìmesì ọdún yẹn, àwọn ọmọ wálé. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bàbá wọn. "Iṣẹ́ ńkọ́?" "A dúpẹ́, sà." "Ọ̀nà ńkọ́?" "Ó dáa, sà." Ó tán. Gbogbo wọn ń wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Nígbà tó yá, Julianah yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, Bándélé náà tẹ̀ lé e. Àwa mẹ́ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ògiri kan ló sì wà láàárín àwa àti bàbá wọn.

Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù àtilọ ni bàbá dédé ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sórí omi."

Bándélé ní, "Omi bí ti báwo, sà?"

Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n tó ṣe afárá sí ọ̀dọ̀ wọn, igbá ńlá ni bàbá òun fi ń kó èrò sọdá odò nígbà òjò. Ó ní lọ́dún kan, lẹ́yìn tí iṣẹ́ dẹwọ́, bàbá òun so ọparun pọ̀, ó de igbá mọ́ ọn nísàlẹ̀ kó lè léfòó, ó kó òun àti àwọn àbúrò òun sí i, wọ́n sì bá omi lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gúnlẹ̀, wọ́n á dáná, wọ́n á sun iṣu. Ó ní, "Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò dákẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, orí omi yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré, àwa mẹ́ta."

Àwọn ọmọ wo ara wọn. "Ó dáa, Bàbá," ni Bándélé wí. "Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ìgbà òjò," ni Julianah wí. Wọ́n bá lọ.

Háà! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, o ò lè gbọ́ "rárá" lẹ́nu rẹ̀ sí bàbá rẹ̀. "Ó dáa" ni yóò wí, yóò sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí nìkan ni kò mọ̀, torí ọdún tó yẹ kó fi mọ̀ ọ́n, Gúsáù ló wà. Mo sọ fún un lójúkojú. Mo ní, "Bàbá Bándélé, wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Wọn ò ní wá."

Ó yọ ojú sí mi. "Ìyá Mùíbì, ní rélùwéè, tí téṣàn iwájú bá ti lu aago sí ọ pé ọ̀nà ṣí, ọ̀nà ṣí nìyẹn. O ò tún ní máa bi í bóyá ó dá a lójú."

Mo ní, "Èèyàn kì í ṣe rélùwéè!"

Ó bínú. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ń kí i tó ń fi imú dá mi lóhùn. Èmi náà bínú. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Ó kúkú múra o. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Igbá tó ń wá kì í ṣe igbá tí à ń fi bu omi, èyí tó tóbi tí ọmọdé lè jókòó sínú rẹ̀ ni. Ó wá a dé Ọ̀yọ́. Orí lọ́rì ló gbé e bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í kó má baà fọ́. Ó gé ọparun ní abúlé wọn, ó sá a, ó ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹní ń lọ kí aláìsàn. Ó lọ bá ìyá àgbà kan n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, olórìṣà Ọ̀ṣun tó ń jẹ́ Ọ̀ṣúnkọ̀yà, ó béèrè ibi tó yẹ kí àwọn ti sọ̀kalẹ̀. Ìyá náà ní kí wọ́n gúnlẹ̀ kí wọ́n tó kan Igbó Ọ̀ṣun, pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Bàbá ní òun gbọ́.

Lọ́jọ́ kan ló wọ́ tapólì kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n rán an ní àgọ́. Tapólì! Lórí máṣíìnì tí mo fi ń rán búláòsì! Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kán, mo kígbe. Èkejì kán, mo bú irin, mo bú òkúta, mo bú Ìjẹ̀ṣà lápapọ̀. Ó lọ ra abẹ́rẹ́ tó nípọn wá. Ó ní kí n pín àgọ́ náà sí méjì, pé Julianah ti di ìyàwó ilé, ó yẹ kó ní ibi tirẹ̀. Mo rí ìṣáná nínú ẹrù rẹ̀, páálí kan odidi. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń kì ni? Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ìjà wa ṣe parí nìyẹn.

Ó wá jókòó sórí àpótí, ó ń fa òwú tapólì náà tu. Ó ní, "Ìyá Mùíbì, kí ni Julianah fẹ́ràn láti jẹ?"

Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Bàbá ń bi ayálégbé ní ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Mo ní ẹja ni, ẹja gbígbẹ, kò sì fẹ́ kí ata pọ̀ jù. Ó ní, "Bándélé ńkọ́, ṣé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀?" Mo ní ó mọ̀ ọ́n, odò ẹ̀yìn ilé-ìwé ló ti kọ́ ọ, Phebe nà án nítorí rẹ̀. Ó ní, "Ó nà án?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá di ọ̀sán, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ní àlejò ni. Mo lọ yọjú, òun nìkan ni. Ó ń ṣe ètò ọ̀rọ̀ tó máa bá wọn sọ. Alẹ́ àkọ́kọ́, ó máa sọ ti Gúsáù, bí òtútù ọyẹ́ ṣe ń sọ ọwọ́ di igi mọ́ irin. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á kan ibi tí omi ti ń ru láàárín àpáta, wọn ò ní lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà di òun mú ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa sọ ti Phebe, bí òun ṣe rí i lọ́jà Iléṣà tí òun ò lè pe orúkọ òun dáadáa fún un. Ó ń sọ ọ́, ó ń tún un ṣe, ó ń padà sẹ́yìn. Mo rọra kúrò lójú fèrèsé. Ìdáwà burú o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dá ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó rán awakọ̀ sí Ìbàdàn, ó rán sí Ìlọrin. Èsì padà: "Ó dáa, Bàbá." Ó wò mí tìyangàtìyangà nígbà tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ yẹn tán. Ó ti ṣáájú lọ sódò ní abúlé wọn lọ́jọ́rú. Ó ní kí n kó wọn bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mọ́tò kan dúró síwájú ilé. Julianah nìkan ló bọ́ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí wíìlì, kò pa ẹ́ńjìnnì. Julianah kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, "Bándélé dà?"

Ó ní, "Iṣẹ́ ò jẹ́ kí bọ̀ọ̀dá rááyè. Èmi náà, Ìyá Mùíbì, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ọkọ mi ò gbà fún mi. A rò pé Bàbá á ti gbàgbé kí ọjọ́ tó pé ni."

"Gbàgbé kẹ̀? Abẹ́rẹ́ mélòó ló kán mọ́ mi lọ́wọ́! Julianah, èmi ò ní jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Wọ mọ́tò. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wò wọ́n lójú, kí o sọ ọ́."

Nígbà tí a dé etí odò, àgọ́ ti dúró. Ọkọ̀ ọparun ń mì lórí omi, okùn ló dè é mọ́ igi. Ó ti tẹ́ ẹní mẹ́ta. Iṣu wà lórí ẹyín iná, ẹja gbígbẹ wà nínú ìkòkò. Bàbá dìde. Ó wo Julianah, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú mọ́tò. Ó tún wo ọ̀nà. Nígbà tó yá, kò wò ó mọ́.

Julianah kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò ní lè dúró. Bọ̀ọ̀dá náà ò lè wá."

"Kò burú," ni bàbá wí. "Kò burú rárá. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ."

Àwa méjèèjì ò lè jẹun. Julianah ń wo ẹní mẹ́ta yẹn. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé mi sọdá lẹ́ẹ̀kan, kí n tó lọ."

Ẹ ò rí bí bàbá ṣe yára! Ó tú igbá kan kúrò lábẹ́ ọparun, ó wọ omi dé àyà, ó ní kí Julianah fi àyà lé igbá. Òun wà lódìkejì, ó na ọwọ́ kọjá lórí igbá, ó di apá ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀. Ó ní, "Má wo omi o. Ẹni tó bá wo omi, òòyì á kọ́ ọ, á jọ̀wọ́ ọwọ́. Ojú mi ni kó o máa wò." Wọ́n lọ. Omi ń gbé wọn yẹ̀ sápá kan, ó ń dá wọn padà. Èmi tí mo wà lébùúté, gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo ṣe tán. Wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún bọ̀.

Julianah ló kọ́kọ́ jáde. Mo fi ìborùn mi bò ó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sunkún. Ó fi ẹnu mọ́ mi létí. Ó ní, "Ìyá Mùíbì, mo wo ojú wọn títí. Mi ò mọ ojú yẹn. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà Ìlọrin, mo lè kọjá lára rẹ̀." Ó wọ mọ́tò. Ọkọ rẹ̀ yí i padà, wọ́n lọ.

Bàbá jáde nínú omi, igbá wà lórí rẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí eyín rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ojú mi ló ń wò. Láti ìhín dé ọ̀hún, ní àlọ ní àbọ̀, kò wo ibòmíràn!"

Mo ní, "Mo rí i, Bàbá."

Ó wo ọ̀nà tí eruku mọ́tò ṣì wà. "Kí ló wá ń pa á lẹ́kún?"

Mo ní, "Òtútù ni. Omi yẹn tutù."

"Áà." Ó sọ igbá kalẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. "Ó yẹ kí n ti mú aṣọ tó nípọn wá fún un. Mi ò rò ó. Ìyá Mùíbì, lọ́dún tó ń bọ̀, bá mi rán ọ̀kan fún un, kó o sì rán ti Bándélé mọ́ ọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ wọn ìwọ̀n aṣọ náà fún mi lórí ẹní.