Ẹ̀dọ̀ Ẹja Gumani

Nílé wa ní Sabonjida, ẹ̀dọ̀ ẹja kì í ṣe ti bàbá, kì í ṣe ti àlejò. Ti ọmọ tó kéré jù ni. Ọdún méje gbáko ni mo fi jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí àbúrò mi. Màmá á la inú ẹja ẹ̀pìà tí wọ́n kó láti adágún Gumani, á yọ òróòro, á se ẹ̀dọ̀ lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré. Ọ̀rá rẹ̀ àti kíkorò rẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi.

Nígbà tí ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ, Màmá wá se ẹja nílé mi ní Gurugu. Ó ti bu ẹ̀dọ̀ sáwo kí àbúrò mi obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi ní yunifásítì, tó dá a lọ́wọ́ kọ́.

"Ẹ má fún un, Màmá."

"Kàì! Ìwọ tí o jẹ ẹ́ dàgbà, ṣé o ya wèrè ni?"

"Omi ìgbà yẹn kọ́ nìyí." Ó yíjú sí mi. "Ìbọ̀sẹ̀ ọkọ yín tí kì í rùn, níbo lẹ ti ń fọ̀ ọ́?"

Bí omi ẹ̀rọ bá ti dá, adágún Gumani ni gbogbo wa ń kó aṣọ lọ.

Ó ní fàdákà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí ojú ò lè rí i ni wọ́n fi sára irú ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó má bàa rùn. Bí a bá fọ̀ ọ́, díẹ̀ á bá omi lọ. Ewédò tó ń hù nínú omi á gbà á sára, ìgbín omi á jẹ ewédò, ẹja á jẹ méjèèjì. Kì í tètè jáde lára ẹja. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó jọ sí jù. Ẹran ara rẹ̀ kì í ní tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ó máa pa ọmọ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. A ò tíì mọ ohun tó máa ṣe fún ọmọ kékeré. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Tò. Ẹja náà ti ń lo fàdákà bí ìyàwó tuntun!"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú àwọn méjèèjì wà lára mi. Èmi ni ìyá ọmọ. Mo bu ẹran ẹ̀yìn ẹja, mo yọ eegun rẹ̀, mo fi sí ọmọ lẹ́nu. Ó tu díẹ̀, ó gbé díẹ̀ mì. Màmá ò bá mi jà. Ó kàn ti àwo ẹ̀dọ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ó dáa, ìwọ ni kó o jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Òórùn rẹ̀ gba imú mi, itọ́ kún ẹnu mi. Ó wù mí í jẹ, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ti ń fa bùbá mi, ó ń wá ọmú; ohun tí mo bá jẹ lòun náà á mu. Mo bo àwo náà, mo sì gbé ọmọ lé itan.