Misturah Gbé Gòjé Òyìnbó Kalẹ̀

Bí ẹ bá dé ọjà èso ní Zuba lẹ́bàá Àbújá, tí ẹ béèrè Àlímátù, wọn yóò bi yín pé Àlímátù wo? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Onígòjé, kódà àwọn Hausa tó ń já ọsàn kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yóò nawọ́ sí agboòrùn rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọsàn ló ń tà, kò fọwọ́ kan gòjé rí láyé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Misturah, ló ń ta fáyólíìnì, èyí tí ará ọjà ń pè ní gòjé òyìnbó, òun ló sì fi orúkọ yìí ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Orúkọ náà dùn mọ́ ìyá yìí nínú ju oyin lọ.

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ìyá tó ru ọsàn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ọmọ rẹ̀ lè lọ sílé ẹ̀kọ́ orin, ṣé kò ní fi ọmọ náà yangàn ni? Àwọn kan ní mọ́sálásí sọ tiwọn, pé kí ni ọmọ Mùsùlùmí ń wá nídìí ohun èlò orin òyìnbó. Àlímátù ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ọmọ òun, kò jalè, kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lọ wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ní gbọ̀ngàn ńlá kan nínú ìlú Àbújá, níbi tí Misturah àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ dúdú látòkè délẹ̀, tí àwọn èèyàn pàtàkì jókòó, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Orin sinmi díẹ̀ láàárín, kò tíì parí rárá, ni Àlímátù bá dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó fi oríkì pe Misturah, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ mi nìyẹn o!" Gbogbo orí yí padà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Misturah lórí àga.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà kò rí bí ìyá ṣe rò ó. Gbọ̀ngàn ńlá kì í ṣe ojoojúmọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ni, níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n á ní kí wọ́n máa tún orin kan náà ta títí ìyàwó yóò fi rìn dé ìjókòó, ìyàwó náà á sì máa rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ní ọjọ́ yòókù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní fáyólíìnì ní àdúgbò Life Camp. Misturah ò kórìíra rẹ̀ o. Ó fẹ́ràn orin tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nínú orin tí èèyàn púpọ̀ jọ ń ta, àsìkò máa ń wà tí wọ́n ti kọ ọ́ síwájú rẹ pé kí o dákẹ́, kí o máa kà á lọ́kàn títí yóò fi kàn ọ́ padà. Àsìkò ìdákẹ́ yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà, òun ń wo èèyàn. Á rí bàbá kan tó ń sùn níwájú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí bàbá náà ti ń bọ̀, ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ lọ́mọdé, ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ sí i kí wọ́n tó jáde nílé. Kí orin tó kàn án, bàbá ti bímọ, ó ti ní ọ̀tá, ó ti kọ́lé sí Ìsẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan, orin kàn án, kò mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Diméjì, tó máa ń dúró síwájú wọn láti darí orin, na ọ̀pá sí i. Kò mọ̀. Ó tún nà án. Misturah ṣì wà ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n parí, Diméjì ò bínú, ìyẹn ló tún burú jù. Ó kàn ní, "Misturah, níbo lo lọ?"

Ó dáhùn láìronú: "Ọ̀gá, ìtàn ni mò ń ṣe."

Ọkùnrin náà gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. "O ṣáà mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Saeed ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Idu, ní kí ó gbìyànjú ẹ̀ wò, ohun tí èèyàn ò bá dán wò kò lè mọ̀ ọ́n. Bí Misturah ṣe fi ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ nìyẹn, ó ku àwọn ọmọ díẹ̀ tó ń kọ́ ní Life Camp. Ó sì ku ẹnì kan tí kò tíì gbọ́.

Ìyá ń to ọsàn lọ́wọ́ nígbà tó sọ fún un. "Ìyá mi, mo ti fi ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Ìwé ni mo fẹ́ máa kọ."

"Ìwé?"

"Ẹ̀n, ìwé ìtàn."

"Ta ní ń kà á?"

Ìyá gbé ọsàn kan lé òmíràn. "Mo gbọ́," ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ "mo gbọ́". Ìjà tó ju ìyẹn lọ kò sí! Láti ọjọ́ náà, bí Misturah bá pè é lórí fóònù, "Àlàáfíà ni, ọmọ ńkọ́?" ni, ó parí. Ní ọjà, wọ́n á fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, "Kai, Ìyá Onígòjé, gòjé dà?" Á dáhùn pé ó wà nílé, á sì máa nu ọsàn tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ jà, kò ṣépè, ṣùgbọ́n kò ṣàdúrà fún un mọ́. Obìnrin tó jẹ́ pé bí o bá sín lásán, àdúrà ni yóò fi bò ọ́! Ó dun Misturah dé egungun. Kò wá òkìkí, kò wá ọlá. Kí ìyá rẹ̀ ṣáà ti la ẹnu, kó ní, "Máa kọ ọ́, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é." Bí kò bá rí ìyẹn gbà, ó mọ̀ pé ọwọ́ nìkan lòun á máa fi kọ̀wé, ọkàn òun ò ní sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, ó kọ ọ́. Bí olórin ló sì ṣe kọ ọ́. Á gbé ìwé tó kọ lé irin tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé, á dúró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ta fáyólíìnì, á máa kà á sókè, pẹ́ńsùlù á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà àwọn olórin wọ̀nyí nìyẹn: ohun tí o kò bá fẹ́ gbàgbé, o fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sórí ìlà. Ó kọ "Rọra" síbì kan, ó kọ "Dúró, mí" síbòmíràn, ó kọ "Má sáré o, Misturah" síbi tí ahọ́n rẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Latifah ọmọ rẹ̀ á jókòó sílẹ̀ máa gbọ́. Ọmọ Àbújá gidi ni Latifah. Bí o bá fi Yorùbá bú u, á gbọ́ gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi sunkún.

Fuad, ọmọ Ìlọrin kan tó ń tẹ̀wé, ló gbé iṣẹ́ náà fún. Fuad tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù kó tó lọ sórí ẹ̀rọ, pé kí Misturah yẹ̀ ẹ́ wò. Misturah gbé fóònù lé irin, ó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní ó dára, òun ò rí àṣìṣe kankan.

Ọjọ́ tí páálí ìwé dé, ó ṣí ọ̀kan, ó kígbe. Saeed sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Gbogbo ohun tó fi pẹ́ńsùlù kọ ni Fuad ti tẹ̀ mọ́ ìtàn. Bí ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ilẹ̀ mọ́ ní Zuba. Rọra. Àwọn ọkọ̀ ọsàn ti dé. Dúró, mí." Ó pe Fuad, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

"Àǹtí, ohun tí mo rí ni mo tẹ̀," ni Fuad wí. "Ẹ̀yin náà lẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní ó dáa."

Òótọ́ ni. Nígbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí "Rọra", ó rọra. Ó rí "Dúró, mí", ó dúró, ó mí. Olórin kì í ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn ń ṣe ohun tó bá wí ni! Saeed rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Misturah ti gbogbo páálí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Ìwé yìí ló fẹ́ gbé lọ fún ìyá rẹ̀. Kí ni yóò wá gbé lọ báyìí, ìtìjú?

Nígbà tó di Sátidé, òun àti Latifah lọ kí ìyá ní Zuba lọ́wọ́ òfo. Kò mọ̀ pé ọmọ ti fa ìwé kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti kì í bọ inú báàgì. Misturah yà kí Rísíkàt, tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kí ara wọn ló ti gbọ́ ohùn Latifah lẹ́yìn. Yorùbá ló sì ń tẹnu rẹ̀ jáde!

Ìyá àgbà ló bi ọmọ náà pé kí ló gbé dání. Nígbà tó gbọ́ pé ìwé tí ìyá rẹ̀ kọ ni, ó ní kó kà á kí òun gbọ́. Ibi tí ìwé bá ti ní "Rọra", Latifah á rọra. Ibi tó bá ti ní "Dúró, mí", á dúró, á mí gan-an, èjìká rẹ̀ á gbéra sókè. Nígbà tó kà á pé "Má sáré o, Misturah", ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sínú.

Misturah sáré wá láti já ìwé gbà. "Ìyá mi, ẹ má dá a lóhùn, wọ́n ba ìwé yẹn jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ni."

"Fi ọmọ sílẹ̀ kó kà á," ni ìyá wí. Kò gbójú sókè wò ó.

Latifah kà á dé ibi tí obìnrin ọlọ́sàn inú ìtàn náà wà ní ojú ọ̀nà Kàdúná. Ọkọ̀ tó wọ̀ ti kú, òjò ń rọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nílé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Misturah rántí ohun tó fi pẹ́ńsùlù kọ síbẹ̀. Kò lè dá ọmọ dúró mọ́.

"Obìnrin náà ò wẹ̀yìn," ni Latifah kà. "Má gbé ohùn sókè níbí. Ìyá mi nìyí. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, ó ń rìn lọ."

Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Latifah pa ìwé dé.

"Háà!" ni Rísíkàt ké. "Ìyá Onígòjé, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Ìyá gba ìwé náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bó ṣe máa ń yí ọsàn wò kó tó rà á. Kò mọ̀wé kà. Ó gbé e lé itan.

"Ọjọ́ tí ọkọ̀ kú lẹ́bàá àpáta Zuma nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi. Ẹ máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, mo sì ń gbọ́."

"Kí ló dé tó o fi parí ẹ̀ sójú ọ̀nà?"

"Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Mi ò mọ bí ẹ ṣe délé."

Omi lé ròrò sójú ìyá, ó sì jẹ́ kó máa dà. "Mo délé, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ nìkan lo wà nílé lọ́jọ́ náà. O ti sùn lọ níbi tó o ti ń dúró dè mí, ẹ̀yìn lo fi ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá tì í, màá jí ọ. Mo wá jókòó síta, nínú òjò yẹn, títí ìwọ fúnra ẹ fi yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí."

"Ìyá mi," ni Misturah wí.

"Má pè mí. Lọ sílé, kó o lọ jókòó kọ ọ́, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Àbí inú òjò lo fẹ́ kí àwọn èèyàn máa bá mi ni?"