Ìbọn Tí Kì Í Dún

Ọjọ́ Ajé kan ni mo fi ìbọn ṣẹ̀fẹ̀ lórí rédíò. Títí dòní, n kò tíì gbàgbé obìnrin tó pè mí lọ́jọ́ náà.

Olóòtú ètò àárọ̀ ni mí ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ìjerò-Èkìtì. Yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀ kò ní fèrèsé, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà wọlé. Gbogbo ìlú mọ ohùn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ètò, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìbọn tuntun kan ni fídíò rẹ̀ gba orí fóònù káàkiri lásìkò yẹn. Ìbọn àfọwọ́gbé ni, kò lo ọta, kò lo ẹ̀tù. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lésà ló ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tó sì ń jó ohun tó bá bà. Mo ka ìròyìn náà, mo ní kí àwọn olùgbọ́ pè wá.

Àgbẹ̀ kòkó kan láti Aràmọ́kọ béèrè bóyá ọ̀yà tí wọ́n bá fi pa á ti yan tán kó tó délé. Awakọ̀ kan ní kí ìjọba yáa kó o fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, kí àwọn ajínigbé lè fi orí òkè sílẹ̀. Wẹ́dà kan bínú, ó ní iná iṣẹ́ òun lásán ti ba ojú òun jẹ́, áńbọ̀sì èyí. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń dá àpárá lé ti wọn.

Ìyá àgbàlagbà kan wá pè láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

“Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé kì í dún?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Eṣinṣin ò ní ta pútú.”

Ó ní lóko ni wọ́n ti yìnbọn fún ọkọ òun, lọ́sàn-án gangan. Ìró ìbọn náà lòun gbọ́ tí òun fi sáré débẹ̀, tí òun bá a láàyè. “Ó di ọwọ́ mi mú títí ó fi lọ. Ká ní irú èyí ni, òun nìkan ni ì bá kú síbẹ̀.”

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ rí i pé mo dákẹ́, ó fi orin ìjọ sí i. Ọ̀gá wa bá mi wí lẹ́yìn ètò, n kò bá a jiyàn. Ohun tó wà lọ́kàn mi, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí: àárọ̀ tí ọkọ mi kú ní ilé ìwòsàn, orí rédíò ni mo wà, tí mò ń bá àwọn ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀.

Nọ́ńbà ìyá náà wà lórí fóònù ilé iṣẹ́ wa. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n máa bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ takisí dé Ẹ̀fọ̀n, ọ̀kadà sì gbé mi gun òkè dé ilé rẹ̀. Ẹ̀gúsí ló ń bó. Bí mo ti kí i báyìí, ó gbójú sókè.

“Ìwọ ni. Jókòó o. Ohùn rẹ nìkan ló ń bá mi gbé ulé yìí.”

A jọ ń bó ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ti ọkọ mi fún un. Kò tù mí nínú. Ó kàn béèrè bóyá rédíò wà níbi tí ọkọ mi sùn sí.

Mo ní nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ètò mi ló ń lọ lórí rẹ̀, wọn ò sì pa rédíò náà.

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. “A jẹ́ pé o wà níbẹ̀.”

Láti ìgbà náà, kí n tó ka ìròyìn kankan láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ kí ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn. N kì í dárúkọ. Mo máa ń rọra kí i ni, bí ẹni tó jókòó tì í.