Ìjẹ́wọ́ Tó Bọ́ Lẹ́nu Akíndé

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2024, àádọ́fà ènìyàn jókòó sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Joju, ní Sango, láti wo eré tí Toyibat Àmọ̀dá kọ. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára pósítà. Orúkọ Ọ̀ṣìnúbí, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ló wà níbẹ̀.

Toyibat ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Sango. Lẹ́nu iṣẹ́ náà ló ti gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, tí wọ́n sì tún dá a lẹ́bi. Ó kọ ọ́ di eré. Súpáfáísọ̀ ló yọ irin tó bo ẹnu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òǹwòran kò gbọdọ̀ mọ̀ títí di ìran ìkẹyìn.

Ọ̀ṣìnúbí kà á, ó sọ ìtàn náà fún àwọn òṣèré lẹ́nu, ó sì pa ìwé dé.

Ó ní fún Toyibat pé: "Ìyá Naimat, ta ló ń há ìwé sórí? Wọ́n ti mọ ìtàn. Ẹnu wọn ò yadi."

Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn: kálukú á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ.

Ní ìran kìíní, àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún Akíndé, tó ṣe súpáfáísọ̀. Àtẹ́wọ́ gùn ún. Ó lu àyà, ó ní: "Èmi gan-an ni mo yọ irin yẹn!"

Eré dúró síbẹ̀: àṣírí ìran ìkẹyìn ti tú. Ẹnu gbogbo wọn yadi, ti Ọ̀ṣìnúbí pẹ̀lú.

Toyibat dìde láti ẹ̀yìn, ó so ìborùn mọ́dìí, ó gun orí ìtàgé bí ìyàwó súpáfáísọ̀.

"Bàbá Jùwọ́n! Ibà yẹn tún ti dé? Lánàá, ẹ ní ẹ̀yin lẹ bí ọ̀gá àgbà. Lónìí, ẹ ti yọ irin. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè yọ eegun ẹja lọ́fun! Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, ẹ lọ mu àgbo."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Akíndé gbọ̀n bí aláìsàn, ó tẹ̀lé e wọlé. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Toyibat fi ìwé lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń kà á kí wọ́n tó jáde sí ìran kọ̀ọ̀kan.

Ní ìparí, Akíndé tún jẹ́wọ́, bí Toyibat ṣe kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Àwọn òǹwòran rántí pé wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ òtítọ́ náà, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi gbà á.

Toyibat jókòó sórí àpótí, ó mí kanlẹ̀. Eré rẹ̀ kò kú. Ọ̀ṣìnúbí wá fà á jáde síwájú èrò, ó pe orúkọ rẹ̀: "Òun ló kọ ọ́." Toyibat rẹ́rìn-ín, ara tù ú. Kì í ṣe ojúure. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó sì pẹ́ kó tó dé.

Ìwọ tó ń lọ wo eré, bèèrè orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí wọn ò bá dá ọ lóhùn, má jókòó.