Aṣọ Kan Tó Ṣẹ́kù

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú ni ọkàn mi máa ń lọ, sí ọjọ́ Sátidé kan tí mo ka aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta tí iye rẹ̀ kò pé. Mẹ́rìnlélógún la kó wá. Mẹ́tàlélógún ló wà níwájú mi. Aṣọ funfun ni, wọ́n ya ọwọ́ méjì tó gbé ọmọ kékeré sí i láyà, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ỌMỌ KAN KÒ GBỌDỌ̀ SÙN SÍTA. Àwọn ọmọ tó ń sùn síta la wọ̀ ọ́ fún. A tò wọ́n sábẹ́ bánà, ayàwòrán yà wọ́n, lẹ́yìn náà la bọ́ aṣọ náà lọ́rùn wọn kí a lè fọ̀ ọ́ de ọjọ́ tí a óò tún ya fọ́tò ní Ẹ̀pẹ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ni aṣọ náà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí fóònù alágbèéká dé, ẹni tó bá ní i kì í fi í sápò, ọwọ́ ló máa ń gbé e sí kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Mo ti kúrò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo gba yàrá kan lẹ́yìn Agric, mo sì ń bá ẹnìkan tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi dára, mo sì máa ń kọ nǹkan bó ṣe rí gan-an. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ẹ ò ní bá aago mẹ́rin nínú ìwé mi. Mo rò nígbà náà pé irú ìwà yìí nìkan ló kù tí ayé fi máa dára.

Àwọn tọkọtaya tó ń gbé ní ẹ̀sítéètì kan nítòsí, tí wọ́n máa ń jí lọ síṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń rí àwọn ọmọ tó sùn sábẹ́ ìsọ̀ ní Agric, àánú sì ṣe wọ́n. Àánú náà kì í ṣe ẹ̀tàn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ohun tí a fi àánú náà ṣe ni mo fẹ́ sọ. A lo Sátidé méjì lórí àwọ̀ bánà. A lo òmíràn lórí bóyá kí mítípáì tí a ń jẹ nípàdé ní ẹran nínú tàbí ẹja. Ṣùgbọ́n a gba ilé kan ní Ẹ̀pẹ́, ilé oníyàrá mẹ́rin tí èèyàn ti lè rí ọ̀sà láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, a ra bẹ́ẹ̀dì méjìlá síbẹ̀ pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì wọn, a sì fi bàbá kan síbẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ. Oṣù márùn-ún kọjá, ọmọ kankan kò tíì sùn níbẹ̀. Ọ̀rá ṣì wà lára mátírẹ́ẹ̀sì.

Fọ́ọ̀mù ló fà á. Ojú ewé mẹ́ta ni, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, inú mi sì dùn sí i púpọ̀. Ó béèrè orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, nọ́ńbà ilé, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá rí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i, a kò gbọdọ̀ gbà á. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárín oṣù márùn-ún yẹn. Mo dá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, mo ní kí wọ́n lọ mú òbí wọn wá.

Lọ́jọ́ tí aṣọ kò pé yìí, ìyá tó jẹ́ alága wa wò mí láti orí àga rẹ̀. "Akọ̀wé, kí ló dé?"

"Aṣọ kan ló ṣẹ́kù, mà. Ọmọbìnrin kan ló wọ̀ ọ́ lọ."

"Lọ bá wa gbà á. Tí a ò bá lè mójú tó aṣọ, ta ló máa gbé ọmọ lé wa lọ́wọ́?"

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé lójú ẹsẹ̀: Aṣọ kan ṣẹ́kù. Akọ̀wé lọ gbà á.

Kò ṣòro láti rí ọmọ náà. Ó jókòó síwájú ìsọ̀ pákó ìyá aránṣọ kan, abọ́ omi inú ọ̀rá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ wa wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì gùn dé orúnkún rẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Bó ṣe rí mi ló yíjú sí ìyá aránṣọ.

"Mama, Anti Fọ́ọ̀mù ti dé o."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní Agric. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní, "Aṣọ yẹn, ti ẹgbẹ́ ni."

"Kí ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn? Ẹ bá mi kà á, mi ò lè rí ẹ̀yìn ara mi."

Mo kà á fún un.

"Ẹ ṣeun, mà. Tí mo bá wá bọ́ ọ fún yín, kí ni kí n fi bora tí mo bá ń sùn síta?"

Ìyá aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ dá a lóhùn, akọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ìyá náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ ìyókù fún mi. Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n ti mú ọmọ náà wá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kiri omi dé, ó bá ilé ní títì. Àbúrò ìyá rẹ̀ ti kó ẹrù, ó ti kó lọ, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ló ti ń sùn sábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ nínú ìsọ̀ yẹn. Ìyá aránṣọ wá nawọ́ sí ara pákó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìsọ̀ náà kúrò kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.

"Wọ́n máa wó gbogbo rẹ̀," ló wí. "Èmi á lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, àwa mẹ́fà la ó máa sùn nínú yàrá kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bá níbí, ọkọ̀ ni wọ́n máa fi kó wọn. Wọ́n kó méjì lọ́jọ́ kan, a ò rí wọn mọ́. Èyí ńkọ́, akọ̀wé?"

Mátírẹ́ẹ̀sì méjìlá ló wá sí mi lọ́kàn. Mo padà sílé láìgba aṣọ.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe alága lórí fóònù láti ibi tí wọ́n ti ń sanwó pè. Mo ní ọmọ kan wà tí kò lẹ́ni tó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, bóyá a lè gbójú fò ó. Ó ní, "Àánú ẹ̀ ṣe èmi náà o. Ṣùgbọ́n tí a bá gbójú fò ó fún ẹnì kan, gbogbo àwọn tó kù ló máa wá." Mo fẹ́ sọ pé torí kí wọ́n lè wá náà la ṣe ra bẹ́ẹ̀dì. Mi ò sọ ọ́. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà, kíkọ ni mo máa ń kọ ọ́.

Kíkọ náà ni mo wá kọ. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, mo jókòó ti fọ́ọ̀mù náà, mo kọ "kò mọ̀ ọ́n" síwájú orúkọ bàbá, mo kọ ọ́ síwájú iṣẹ́ bàbá, mo sì fọwọ́ ara mi sí ibi tí alágbàtọ́ ń fọwọ́ sí. Mo kọ àdírẹ́sì mi sábẹ́ rẹ̀ dáadáa, títí kan yàrá kejì lápá ọ̀tún. Lójú tèmi nígbà yẹn, ẹ̀tàn ńlá ni, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, a wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, èmi àti ọmọ náà pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ìtòkín, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo máa dá òun padà.

"Rárá o," mo ní.

"Ẹ ti dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì rí."

Mo wò ó. Ó wà lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn, mi ò sì dá a mọ̀. Fọ́ọ̀mù ni mo wò nígbà tó wá, mi ò wojú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ pé ó wá lẹ́ẹ̀mejì, a jẹ́ pé ọmọ mẹ́jọ ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nínú ọkọ̀ yẹn ni pé mo ti ṣi nǹkan kà.

Bàbá tó ń ṣọ́lé ní Ẹ̀pẹ́ fi awò rẹ̀ sójú, ó ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dúró.

"Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i níbí?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀yin ni alágbàtọ́ ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó tọ́ka sí ìwé òfin tó wà lára ògiri. "Ẹ wo òfin kẹrin. Ilé yìí wà fún ọmọ tí kò ní òbí tàbí alágbàtọ́. Èyí ti ní."

Mo lọ síbi ògiri, mo kà á. Èmi ni mo tẹ òun náà, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò bá ní alágbàtọ́, fọ́ọ̀mù kò gbà á. Ọmọ tó bá sì ní, ilé kò gbà á. Oṣù márùn-ún ni mo fi kó ìwé méjèèjì sínú fáìlì kan náà, tí mo ń tọ́jú wọn bí ẹni tó ní ohun iyebíye. Bàbá fi fóònù rẹ̀ pe alága. Alága ní bàbá sọ òótọ́, ó sì kí i pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ti yọjú sínú yàrá. "Ta ló ń sùn níbí?"

"Kò tíì sẹ́ni," bàbá ní. "Wọn ò tíì yọ ọ̀rá."

"Ṣé kí n bá yín yọ ọ́?"

Bàbá wúkọ́, ó wo ilẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ó po gààrí fún wa, ó gbé ẹja yíyan tì í, ó ní ká jẹun ká tó máa lọ. Inú yàrá tirẹ̀ la ti jẹ ẹ́, nítorí wọn ò tíì yọ ọ̀rá lára tábìlì ilé náà.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọmọ náà yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Anti, ibo la wá ń lọ báyìí?"

Fọ́ọ̀mù wà lórí itan mi. Mo wò ó, nítorí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè wò. "Ibi tí mo kọ síbí," ni mo dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n wó ìsọ̀ náà. Ọmọ náà wà ní yàrá kejì lápá ọ̀tún, ó ń bínú sí ọbẹ̀ mi pé ata rẹ̀ kò tó.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, alága ní kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún náà pé ọmọ kan ti rí ilé nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wa. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́, torí òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ òfin kẹrin àti ibi ìfọwọ́sí fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì sọ̀rọ̀ nípàdé rí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà lágbára, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún láti gbé e yẹ̀ wò. Mo kọ orúkọ àwọn márààrún sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà kò tíì pàdé, mo kó ìwé wọn fún wọn, mo sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mo gbọ́ pé nígbà tí òjò ọdún yẹn pọ̀, bàbá Ẹ̀pẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ̀rá, ó sì gba ọmọ mẹ́rin wọlé láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò mú bírò dání.

Ọmọ náà ti di obìnrin. Ìyá aránṣọ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìjẹ̀dẹ́ báyìí, oníbíríkì, ó sì ṣì ń pè mí ní Anti Fọ́ọ̀mù níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Aṣọ funfun yẹn gbó, ó gé e, ó fi rán ìrọ̀rí kékeré kan fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, SÙN nìkan ló kù lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rò ni ìwé ìpàdé yẹn. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ dá a padà fún wọn, mo ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ Sátidé náà, mo mú bírò, mo fẹ́ fa ìlà sórí ohun tí mo kọ: Aṣọ kan ṣẹ́kù. Akọ̀wé lọ gbà á. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì fi í sílẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Akọ̀wé lọ gbà á, kò sì tíì padà dé.