Obì Ṣókótó Nínú Yàrá Kánò

Yàrá mẹ́ta ló wà ní ilé ìkẹ́rùsí obì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sábó, ní Ṣàgámù. Ìlú tí ẹrù inú wọn ń lọ la fi ń pè wọ́n: Kánò, Ṣókótó, Màídúgùrí. Èmi ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí àwọn alábàárù bá ti gbé obì wọlé tán, wọn á ké orúkọ yàrá náà sí mi láti ìta, èmi á sì tẹ̀ ẹ́.

Bí ilé ṣe rí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà fún wa ṣe tirẹ̀ náà. Inú tábìlì kan, ìyẹn àtẹ onílà orí kọ̀ǹpútà, ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, ó wá pín in sí apá mẹ́ta, kí ẹni tó ń wá ẹrù Kánò má baà máa tú ti Màídúgùrí wò. Mo ní láti kọ́kọ́ ṣí apá kan kí n tó tẹ ohunkóhun, apá tí mo bá sì ṣí ni ẹrù náà ń bọ́ sí. Ó sọ fún ọ̀gá wa nígbà náà pé òun lè ṣe é kí apá kọ̀ọ̀kan máa lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà.

Ọ̀gá wa ní, "Kọ̀ǹpútà tí mo fowó ara mi rà ni yóò máa lé ẹrù oníbàárà mi padà?"

A ò ṣe é.

Òrùlé yàrá Ṣókótó ń jò. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn alábàárù kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Yàrá Kánò ni wọ́n ń kó ẹrù Ṣókótó sí, torí obì tí òjò bá pa á jẹrà. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí.

Ọjọ́ òjò kan ni Àlàájà kan tó ń ta gbànja kó àpò obì tirẹ̀ wá. Ó ní oníbàárà òun ní Ṣókótó ti búra pé bí obì bá tún pẹ́ lọ́nà tó gbẹ, òun á wá ẹlòmíì. Alábàárù ké láti ìta pé, "Kánò!" Mo ṣí apá Kánò. Níbi tí a ti ń kọ ìlú tí ẹrù ń lọ, mo tẹ Ṣókótó, nítorí ibẹ̀ ló ń lọ. Kọ̀ǹpútà gba méjèèjì, kò sì sọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tírélà Kánò dé. Gbogbo ohun tó wà ní apá Kánò jáde lórí ìwé, wọ́n sì dì í sọ́kọ̀. Àlàájà wọlé wá bèèrè ọkọ̀ Ṣókótó. Mo ṣí apá Ṣókótó.

"Obì yín ò sí níbẹ̀, mà."

"Níbo ni kò sí?"

"Ní apá Ṣókótó."

"Mi ò kó o fún apá kankan. Ìwọ ni mo kó o fún."

Mo sọ fún un pé yàrá Kánò ni wọ́n kó o sí, ó sì lọ wo ibẹ̀. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ pàápàá. Tírélà ti ń kùn lẹ́nu géètì. Àlàájà jáde lọ dúró síwájú rẹ̀.

Awakọ̀ ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

"Tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kí o máa lọ. Bí obì mi bá ti bá ọ dé Kánò, kí ni mo tún ń dúró ṣe?"

Awakọ̀ paná ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni obì náà wà, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ já ẹrù gbogbo ènìyàn tó kù sílẹ̀.

Alábàárù kan ní, "Àlàájà, Kánò wu obì yín o. Kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

"Gbé e wálẹ̀, aláròyé."

Obì náà bá ọkọ̀ Ṣókótó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà. Látìgbà náà, a kì í ṣí apá kankan mọ́. Inú tábìlì gan-an ni mò ń tẹ ẹrù sí, kọ̀ǹpútà á wo ìlú tí ẹrù ń lọ, á sì darí rẹ̀ sí apá tirẹ̀. Bí mi ò bá kọ ìlú, kò ní gbà á. Yàrá tí wọ́n gbé e sí ti ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí mò ń kọ ọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ipá ṣí apá kan, apá náà á lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà.

Ọ̀gá wa fẹ́ rí i. Ó ṣí apá Kánò, ó tẹ Ṣókótó. Kọ̀ǹpútà lé e padà. Ọ̀gá wa tún un tẹ̀.

Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Èmi ni mo ni ilé yìí."

Kọ̀ǹpútà tún lé e padà. Ọ̀gá wa dìde, ó jáde lọ wo òrùlé.

Òrùlé náà ṣì ń jò. Nígbà tí òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ tí Àlàájà kó obì míì wá, ó wọlé wá bá mi.

"Níbo ni obì mi wà?"

"Yàrá Kánò, mà."

Ó wò mí.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n apá Ṣókótó ló wà nínú kọ̀ǹpútà, mà. Kò lè bọ́ sórí ìwé Kánò mọ́."

"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni, mà."

"Ó ṣeun."

Ó gbé àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Kánò, ó sì jókòó. Tírélà Kánò dé, ó di ẹrù, ó lọ. Àlàájà dìde nígbà tí ọkọ̀ Ṣókótó dé.